Ẹlẹ́rìí Mọ́kànlélógójì Láti Inú Ilé Kan

Gáúnù mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí tábìlì gígùn náà, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ lè dé ibi tí ihò rẹ̀ wà. Jùmọ̀kẹ́ onídìrí ti wọ ìkejìdínlógójì, èyí tí wọ́n rán fún un. Ó dúró sí àárín ìsọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá so lápá sẹ́yìn. Nígbà tó gbìyànjú láti gbé ọwọ́ sókè, ojú rírán abẹ́ apá rẹ̀ dún fàà.

"Má gbé e mọ́," ni Ògúndáre wí. "Mo ti gbọ́."

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Ìdrís Ògúndáre ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ogún ọdún ló fi tọpinpin ọ̀ràn fún ìjọba, ó wá gba ilé sí Obosi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha, ó rò pé òun á máa jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá tó wà ní Onitsha kò jẹ́. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, wọ́n á pè é. Bí ọkọ ẹnì kan kò bá sùn sílé, òun náà ni wọ́n á pè. Lónìí, Jùmọ̀kẹ́ ló pè é nítorí àbúrò rẹ̀, Moríyọ̀, tó ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní ìsọ̀ yìí láti ọdún márùn-ún. Ìgbà mẹ́sàn-án ló pè é kó tó wẹ̀. Orúnkún ń ro ó, kò tíì jẹun, oòrùn àdúgbò Fegge sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó páànù òkè orí wọn.

Ọ̀ràn náà kò lọ́jú pọ̀ lójú ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu Alàgbà Adétáyọ̀, ọ̀gá ìsọ̀. Ọ̀la, ọjọ́ Sátidé, ló yẹ kí Moríyọ̀ gba fìrídọ̀ọ̀mù. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kan ní Trans-Nkisi, tí Jùmọ̀kẹ́ wà lára wọn, gbé iṣẹ́ gáúnù wá fún ọjọ́ ìrántí wọn, Moríyọ̀ lọ wọn gbogbo wọn, òun náà ló gé aṣọ, àwọn ọmọṣẹ́ méjì tó wà nídìí ẹ̀rọ sì rán an. Lánàá, àwọn obìnrin náà wọ̀ ọ́ wò. Kò wọ ẹnì kankan. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni Alàgbà ti ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tó ń sọ fún àwọn télọ̀ pé ọmọṣẹ́ òun mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́. Kò ní sí fìrídọ̀ọ̀mù mọ́. Bí aago mẹ́rin bá lù, òun á fà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Télọ̀ tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá sì bá jáde, kò sí ẹni tó máa gbé aṣọ fún un láé.

"Sájẹ́ǹtì, kí lẹ tún ń wò?" Alàgbà fi ọ̀pá rẹ̀ na gáúnù kan lórí tábìlì. "Ọmọ yìí bá mi jà lóṣù tó kọjá nítorí mo ní kó fi oṣù mẹ́ta kún un. Níwájú oníbàárà, ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ ó rí i.' Ẹ wò ó. Mo ti rí i."

"Ìyá mi ni mo ní ẹ ó rí," ni Moríyọ̀ wí láti orí àpótí tó jókòó lé. Ó ti sunkún títí omijé fi gbẹ, ìbínú nìkan ló kù. "Mo ní tẹ́ ẹ bá fi oṣù kún un, ẹ ó rí ìyá mi níbí."

"Ṣé ìyá rẹ dé?"

"Ó ń bọ̀ lọ́la, sà. Fún fìrídọ̀ọ̀mù tí ẹ ní kò sí."

Ògúndáre gbọ́wọ́ sókè. Ó ti rí irú èyí rí. Bó bá jẹ́ kí wọ́n máa lọ, aago mẹ́rin á bá wọn níbẹ̀.

"Ta ló wọn àwọn obìnrin yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló gé aṣọ?"

"Èmi ni."

"Ta ló wá sọ fún ọ ibi tí sísọ́ọ̀sì máa gbà?"

"Áàpù ni."

Ògúndáre wo Alàgbà. Alàgbà wo ilẹ̀. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì," ló wí. "Wálé ọmọ Ọláṣùpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Trans-Nkisi ló bá mi ṣe é lọ́dún tó kọjá. Èèyàn á tẹ ìwọ̀n sí i, á ṣírò, á sì tẹ bébà jáde. A ó tẹ́ bébà náà lé aṣọ, a ó gé e yíká. Ọgbọ́n orí mi ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Láti ọdún kan, kò ṣàṣìṣe rí. Èèyàn ló ń ṣàṣìṣe."

"Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé Moríyọ̀ purọ́, nídìí ìwọ̀n ló ti purọ́."

"Níbo ló tún kù?"

Ìyẹn rọrùn láti yẹ̀ wò. Ògúndáre gba ìwé tí Moríyọ̀ fi kọ ìwọ̀n sí ní ilé ìjọ, ó gba fóònù rẹ̀ tí áàpù wà nínú rẹ̀, ó sì gba téèpù tuntun tó fi wọn wọ́n. Ó wọn èjìká Jùmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Íńṣì mẹ́rìndínlógún. Nínú ìwé, mẹ́rìndínlógún. Nínú fóònù, mẹ́rìndínlógún. Ó wọn ọrùn rẹ̀, ó wọn apá rẹ̀. Ìwé àti fóònù àti Jùmọ̀kẹ́ bá ara wọn mu.

Ó wá tẹ́ bébà tí wọ́n fi gé gáúnù Jùmọ̀kẹ́ sílẹ̀. Èjìká tó wà níbẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlá.

"Moríyọ̀ tẹ mẹ́rìndínlógún wọlé," ni Ògúndáre wí, "mẹ́rìnlá ló jáde. Ọmọ yín kọ́ ló jí íńṣì méjì, Alàgbà. Inú ẹ̀rọ yín ló ti sọnù."

"Á jẹ́ pé ó fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ náà."

"Moríyọ̀, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ?"

"Sà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án."

Alàgbà pòṣé. Ògúndáre náà pòṣé, ṣùgbọ́n tirẹ̀ gùn jù. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Trans-Nkisi.

*

Wálé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Onitsha ni wọ́n bí i sí, Ìgbò rẹ̀ sì dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ó kí Ògúndáre tán, ó fún un ní àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè. Ọlọ́pàá kì í fẹ́ràn ìyẹn.

"Dádì, no be my side at all. Jùmọ̀kẹ́ ti pè mí. Kóòdù mi ò ní wàhálà. Tẹ́ẹ̀sì mọ́kànlélógójì ni mo kọ, gbogbo wọn ló pàásì. Ẹ wò ó." Ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà wẹẹrẹ sáré kọjá lójú ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ ewé.

"Kí ni mo ń wò?"

"Tẹ́ẹ̀sì ni, sà."

"Wálé, mo bẹ̀ ọ́. Sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀."

Wálé họrí. "Áàpù yìí ní ẹ̀yà kéékèèké. Ọ̀kan ń ṣírò ọrùn, ọ̀kan ń ṣírò èjìká, ọ̀kan ń ṣírò apá. Mo kọ ìdánwò kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo sọ fún un pé, tí mo bá fún ẹ ní iye báyìí, iye báyìí ló yẹ kó o dá padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà á bi gbogbo wọn léèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í pẹ́ rárá. Tí ọ̀kan bá dáhùn ọ̀tọ̀, pupa ló máa yọ, mi ò sì ní gbé e jáde fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹlẹ́rìí ni wọ́n."

"Ẹ lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ lo kọ áàpù, ìwọ náà lo tún wá ẹlẹ́rìí fún un."

"Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, Dádì."

Ògúndáre pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó la ojú, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Kí lo yí padà nínú rẹ̀ láìpẹ́ yìí?"

Wálé yí ojú sí fèrèsé. Ìyíjú yẹn ni Ògúndáre ti ń wá láti òwúrọ̀.

"Sátidé tó kọjá," ni ọmọkùnrin náà wí nígbẹ̀yìn. "Mo tún ibi tó ń ṣírò ààbọ̀ íńṣì ṣe. Kékeré ni."

"Sátidé lo tún un ṣe, Mọ́ńdè ni wọ́n gé aṣọ, Tọ́sìdé ni aṣọ kò wọ̀. O sì ní kò sí wàhálà."

"Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀sì pàásì."

"Ṣé o lè mú èyí tó wà kí Sátidé tó dé padà?"

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kì í sọ èyí àtijọ́ nù, gbogbo rẹ̀ ló wà nípamọ́ ní ọjọ́ọjọ́. Ó mú ti oṣù tó kọjá padà, Ògúndáre sì ní kó tẹ ìwọ̀n Jùmọ̀kẹ́ sí i. Èjìká mẹ́rìndínlógún wọlé. Mẹ́rìnlá jáde. Ó mú ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Mẹ́rìnlá. Ó mú ti ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá. Mẹ́rìnlá.

Bí ìyẹn náà ṣe kú nìyẹn. Ògúndáre fi ọwọ́ nu ojú. Moríyọ̀ kò parọ́, Sátidé kò jẹ̀bi, ẹ̀rọ náà sì ti ń ṣe ohun kan náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ohun tí kò fún aṣọ kankan pa ní Fegge láti ọdún kan títí di ọ̀sẹ̀ yìí.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Wálé wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Lójú ta ni?"

"Lójú tẹ́ẹ̀sì."

Ó wu Ògúndáre kó gbé kọ̀ǹpútà náà sọ sínú odò Nkisi. Ó rántí Inspẹ́kítọ̀ Bẹ̀llò, ẹni tí òun kò kí láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí òun kò sì ní kí títí wọn ó fi sin ọ̀kan nínú wọn. Bẹ̀llò ló gba ẹ̀rí ènìyàn méje lórí ọ̀ràn alùpùpù kan. Àwọn méjèèje sọ ọ̀rọ̀ kan náà, láìfi ẹyọ kan dín. Inú Bẹ̀llò dùn. Ó ní ẹjọ́ ti dáa. Kò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti jọ jẹun àárọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni aláìṣẹ̀ kan fi jókòó sí àtìmọ́lé kí Ògúndáre tó rí i pé ilé ọkùnrin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá.

"Ba iṣẹ́ rẹ jẹ́," ló wí lójijì.

"Dádì?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ẹlẹ́rìí rẹ ń sùn. Bà á jẹ́ lójú mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọrùn."

Wálé yí iye kan padà níbi ọrùn, ó ní kí àwọn tẹ́ẹ̀sì sáré. Pupa yọ nídìí ọrùn. Ó tún un ṣe, ó ba apá jẹ́. Pupa yọ nídìí apá. Ó ba ààbọ̀ íńṣì tó tún ṣe ní Sátidé jẹ́, ìyẹn náà sì pariwo.

"Wọn kò sùn," ni Ògúndáre wí. Ìyẹn tiẹ̀ bí i nínú sí i. Ẹlẹ́rìí tó jí sílẹ̀ tó sì ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ burú ju èyí tó sùn lọ. "Fi ibi tí íńṣì méjì yẹn ti ń jáde hàn mí."

Ìlà kan ṣoṣo ni. Òkè pátápátá ló wà, níbi tí gbogbo iye ti ń wọlé kí wọ́n tó pín sí ọrùn àti èjìká. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju kí a yọ méjì lọ.

"Yọ ìlà yẹn kúrò."

Wálé yọ ọ́. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà náà pọ́n. Ẹlẹ́rìí mọ́kànlélógójì, gbogbo wọn pátá, ń ké pé wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́.

"Kí ni méjì náà wà fún?"

"Alàgbà ló ní kí n máa yọ ọ́."

"Nítorí kí ni?"

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, 'Bí a ṣe ń ṣe é nílé iṣẹ́ yìí nìyẹn.'"

"Ìwọ sì kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mi ò mọ iṣẹ́ télọ̀, Dádì. Mo rò pé nítorí aṣọ tó ń fà ni."

"Ìdáhùn tó o kọ sínú àwọn tẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Ta ló sọ fún ọ pé òun ló tọ̀nà?"

"Mo kọ ọ́ láti inú ìwé Alàgbà. Oníbàárà mọ́kànlélógójì. Mo ya gbogbo rẹ̀ sínú fóònù."

Ògúndáre nawọ́ gba fóònù náà. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún gbé e súnmọ́. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà méjì, ohun tí téèpù sọ lápá òsì, ohun tí Alàgbà fi gé aṣọ lápá ọ̀tún. Gígùn obìnrin kan, méjìdínlọ́gọ́ta lápá òsì, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lápá ọ̀tún. Ọrùn ọwọ́ ọmọdé kan, mẹ́jọ lápá òsì, mẹ́fà lápá ọ̀tún. Ó ṣí ojú ìwé mẹ́wàá. Kò sí èyí tó yàtọ̀.

Ó padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì tún ń kà á títí Wálé fi béèrè bóyá kí òun ra nǹkan tútù wá.

"Wò mí, Wálé. Bí aṣọ bá ń fà, èwo ni yóò fà jù, gáúnù tó gùn dé ilẹ̀ ni àbí ọrùn ọwọ́ ọmọdé?"

"Gáúnù."

"Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ méjì fún méjèèjì? Bó bá jẹ́ àṣà ìránṣọ ni, ṣé aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin àti ti ọmọ ọwọ́ á ní àṣà kan náà? Ohun tó ń yọ iye kan náà lára erin àti lára èkúté, kì í ṣe ara aṣọ ló wà. Ọwọ́ ẹni tó ń wọn aṣọ ló wà."

Wálé wo ojú pupa náà. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Mọ́kànlélógójì lo pè wọ́n," ni Ògúndáre wí bó ṣe ń dìde lórí orúnkún tó ń ro ó. "Ẹyọ kan ni wọ́n. Ìwé kan ni gbogbo wọn ti jẹun. Wá ẹlẹ́rìí láti ilé mìíràn kí n tó pè ọ́."

*

Ó ya ọjà kó tó padà sí Fegge. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tó wọ ìsọ̀. Alàgbà ti wọ bàtà tó fẹ́ wọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Moríyọ̀ sì ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan.

"Ẹ ti pẹ́," ni Alàgbà wí.

"Kẹ̀kẹ́ ló bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn èjìká Jùmọ̀kẹ́."

"Ẹ ti wọ̀n ọ́n láàárọ̀."

"Èmi kì í ṣe télọ̀. Ẹ̀yin ni télọ̀."

Ìyẹn wọ Alàgbà lára. Ó fa téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀ yọ. Gbogbo Fegge ló mọ téèpù náà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi kọ́ ọ lọ́rùn ní ọjọ́ fìrídọ̀ọ̀mù rẹ̀, ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, kò sì tíì yá ẹnikẹ́ni rí. Ó ti pọ́n bí ọsàn, wọ́n sì fi awọ dúdú rán ẹnu rẹ̀ kó má baà ya. Òun nìkan ni wọ́n fi ń wọn èèyàn ní ìsọ̀ náà. Ó tẹ́ ẹ lé èjìká Jùmọ̀kẹ́, ó tẹ̀ síwájú láti wo iye rẹ̀.

"Méjìdínlógún."

Moríyọ̀ àti Jùmọ̀kẹ́ wo ara wọn.

"Mo ní méjìdínlógún," ni Alàgbà tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń ga. "Kí ni ọmọ yìí kọ? Mẹ́rìndínlógún. Ó jí íńṣì méjì lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ wá láti inú kan náà. Sájẹ́ǹtì, ẹ ṣeun. Ẹ ti parí ẹjọ́ fún mi."

"Mẹ́rìndínlógún ni mo bá," ni Moríyọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́.

Jùmọ̀kẹ́ yí sí Ògúndáre. "Bọ̀dá Ìdrís, ṣé nítorí èyí ni mo ṣe pè yín? Kí ẹ lè wá sin àbúrò mi?"

Ògúndáre yọ rúlà kan láti inú lailọ́ọ̀nù tó mú bọ̀, rúlà ọmọ iléèwé, íńṣì méjìlá, ó sì gbé e lé tábìlì. "Alàgbà, ẹ bá mi wọn èyí náà."

"Kí ni mo fẹ́ wọn rúlà fún?"

"Ẹ ṣáà bá mi wọ̀n ọ́n."

Alàgbà fi ẹnu téèpù ti ìdí rúlà, ó fà á dé òkè. Ó wò ó. Ó nu ojú, ó tún wò ó.

"Mélòó ni, sà?" ni Moríyọ̀ béèrè.

Alàgbà jan rúlà náà mọ́lẹ̀. "Rúlà Onitsha nìyí. Ta ló mọ ẹni tó ṣe é nínú yàrá rẹ̀? Fèké ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀." Ògúndáre yọ ìkejì, onígi. Ó yọ ìkẹta, onírin. "Ìsọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti rà wọ́n. Àwọn tó tà wọ́n fún mi kò mọra wọn, mo bi wọ́n léèrè. Ẹ wọn onígi."

"Sájẹ́ǹtì."

"Ẹ wọ̀n ọ́n."

Mẹ́rìnlá ni onígi. Mẹ́rìnlá ni onírin. Moríyọ̀ ti dìde kúrò lórí àpótí. Ó mú téèpù tuntun tirẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé rúlà onírin. Méjìlá pérépéré.

"Ẹ yá mi ní bíléèdì," ni Ògúndáre wí. Ó já òwú tó wà lára awọ dúdú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Alàgbà kò sì dá a dúró. Nígbà tí awọ náà bọ́, ó gbé ẹnu téèpù sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Kò sí oókan níbẹ̀. Iye àkọ́kọ́ tó kọ́kọ́ hàn lẹ́yìn ojú gígé náà jẹ́ mẹ́ta, àmì méjì sì wà ní etí rẹ̀ gan-an, ó ti jóná dúdú.

Alàgbà jókòó.

"Áyọ́ọ̀nù ni," ló wí. "Ìyàwó mi ṣì wà láyé nígbà náà. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ẹnu rẹ̀ jó. Mi ò lè jù ú nù, ẹ mọ ẹni tó fún mi. Mo gé ibi tó jó, mo rán awọ sí i, mo wá ń yọ méjì." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti pẹ́ jù. Ọwọ́ mi ló ń yọ ọ́, kì í ṣe orí mi."

"Moríyọ̀, ṣé ìwọ mọ̀ pé wọ́n ń yọ méjì?"

"Mo mọ̀, sà. Nígbà tí a ń fọwọ́ gé e, Ọ̀gá máa ń ní, 'Yọ méjì.' Mo rò pé gbogbo télọ̀ ló ń yọ ọ́. Nígbà tí áàpù dé, mo gbàgbé rẹ̀."

"Ọdún márùn-ún, o kò bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀?"

"Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ṣé èmi ni màá kọ́ àwọn níṣẹ́ ni."

Ògúndáre mí kanlẹ̀. Gbogbo wọn ló ti béèrè, wọ́n sì ti dá gbogbo wọn lóhùn. Wálé béèrè, wọ́n ní bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Moríyọ̀ béèrè, wọ́n bú u. Téèpù Alàgbà fi méjì kún un, áàpù sì yọ méjì, wọ́n ń tún ara wọn ṣe láti ọdún kan, aṣọ ń wọ gbogbo èèyàn. Ìgbà tí obìnrin méjìdínlógójì kò lè wá sí Fegge, tí Alàgbà kò sì jẹ́ kí téèpù rẹ̀ jáde, ni Moríyọ̀ lọ ra èyí tó pé. Nítorí pé ó wọn èèyàn bó ṣe yẹ, wọ́n fẹ́ fà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ó pe Wálé.

"Dádì, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi lẹ́nu rẹ̀," ni ọmọkùnrin náà wí. "Mo wọn ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú irin ìwọ̀n àwọn kápẹ́ńtà, mo kọ ọ́ sí tẹ́ẹ̀sì tuntun. Mo ní ohun tó bá wọlé ní ọgbọ̀n kó jáde ní ọgbọ̀n. Mi ò tíì tún kóòdù ṣe o. Mo kọ́kọ́ fẹ́ rí i bóyá á mú un."

"Ó mú un?"

"Pupa ni, Dádì. Pupa rírẹ̀dòdò."

"Ó dáa. Ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tún un ṣe. Kí o sì kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ ìlàkílà tí o kò bá mọ ìdí rẹ̀, tàbí kí o má kọ ìlà náà rárá."

Nígbà tó pa fóònù, Alàgbà ti ń ṣa àwọn gáúnù jọ. Ó ń yí abẹ́ apá wọn wò, ó ń fi àtàǹpàkò wọn etí aṣọ tó kù sínú. "A lè fi àbùlẹ̀ kan sí abẹ́ apá," ló ń sọ sí ara rẹ̀. "A ó tún ọrùn gé. Mo ní irú aṣọ yìí díẹ̀ nílé. Màá fúnra mi rán an." Ó gbójú sókè, kò sì wo ojú Moríyọ̀ tààrà. "Tú báàgì yẹn. Fìrídọ̀ọ̀mù rẹ ṣì wà. Ọ̀la náà ni."

Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Moríyọ̀ di apá rẹ̀ mú.

"Rárá, sà."

"Kí ni rárá?"

"Mélòó ni ìsọ̀ tí ẹ lọ lánàá?"

Alàgbà gbé gáúnù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Moríyọ̀, mo ti ní kí o tú báàgì."

"Mo gbọ́. Ìsọ̀ mélòó?"

"Bí mọ́kànlá."

"Àwọn mọ́kànlá yẹn náà ló máa jókòó níwájú mi lọ́la. Wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á sì máa wò mí bí olè tí ọ̀gá rẹ̀ ṣàánú. Mi ò ṣe fìrídọ̀ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ sọ fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe lọ lánàá."

"Ṣé kí n máa ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ bí ajíhìnrere?"

"Bí ẹ ṣe lọ lánàá, sà."

Alàgbà wo Ògúndáre, bí ọkùnrin ṣe ń wo ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kó lè bá òun bẹ̀bẹ̀. Ògúndáre ń wo orúnkún rẹ̀. Ó mọ̀ pé àgbàlagbà rere á ti bá a bẹ ọmọ náà, á ti ní kó jẹ́ kó tán síbí, pé ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Kò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ gbé lọ síta, ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi gbé e padà wálé.

"Ẹ ti wọ bàtà ná," ló wí.

Ìsọ̀ Yúnúsà tó ń rán kaftánì ni àkọ́kọ́, ilé mẹ́ta sí tiwọn. Ẹni márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta sì ń dún. Alàgbà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó yọ fìlà, ó kí wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ lánàá nípa ọmọṣẹ́ òun, kò rí bẹ́ẹ̀, téèpù òun ni. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà lórí oúnjẹ. Yúnúsà mi orí, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Wọn ò gbọ́, sà," ni Moríyọ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

Alàgbà pa ojú dé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń rán aṣọ gbé ẹsẹ̀ dúró, ìkejì gbé tirẹ̀ dúró, Yúnúsà náà sì dáwọ́ dúró nígbẹ̀yìn.

"Moríyọ̀ kò ba iṣẹ́ kankan jẹ́," ni Alàgbà Adétáyọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì dé òdìkejì títì. "Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni mo purọ́ mọ́ ọn."

Nígbà tó fi fìlà padà sórí tó sì yíjú, Moríyọ̀ ti ń rìn lọ sí ìsọ̀ kejì.